Àwo Kan Láàárín Lọ́jọ́ Bọ́ọ̀lù

Bí bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní London tàbí Houston, oníkálukú a gbé tirẹ̀ dání. Bàbá mú ẹ̀pà, ọmọ kan mú písà, èkejì mú ọ̀dùnkún díndín inú ọ̀rá, ìyá sì wà ní kíṣìnì. Wọ́n jọ ń wo eré kan náà, ṣùgbọ́n wọn ò jọ jẹ nǹkan kan. Èmi ò bá ọ̀dùnkún inú ọ̀rá jà o. Ohun tó ń dùn mí ni àǹfààní tó ń bọ́ lọ́wọ́ ìdílé, nítorí pé lókè òkun, ó ṣọ̀wọ́n kí tọmọdé tàgbà jókòó sójú kan fún nǹkan bíi wákàtí méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá mú wọn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a dín ìpápánu nílé, kí a kó o sínú àwo kan ṣoṣo, kí a sì gbé e sáàárín. Yorùbá ní òfin kéékèèké tó yí àwo àjọjẹ ká, òfin wọ̀nyẹn sì ní ìdí. N kò rí ibi tó tún rọrùn láti fi wọ́n han ọmọ ju iwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú nǹkan tí ìpápánu wa jẹ́. Àkàrà, mọ́sà, dùndún, kókóró, gúgúrú àti ẹ̀pà: oúnjẹ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ dí ni púpọ̀ nínú wọn. Dírẹ́bà tó ń retí èrò ní gáréèjì, alájàpá tí kò lè fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, bíríkìlà tó ń retí kí wọ́n po sìmẹ́ǹtì dé, àwọn ni wọ́n ń dín in fún. Kò gba ṣíbí, kò gba tábìlì, ọbẹ̀ kì í kán sára ẹni, ojú sì lè wà níbòmíràn bí ọwọ́ ti ń gbé e lọ sẹ́nu. Bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù ṣe rí gan-an nìyẹn. Iyán ò bá ibẹ̀ mu, bó ti wù kó dùn tó, nítorí ó ń fẹ́ ojú, ó ń fẹ́ ọwọ́, ó sì ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ilé ọtí náà mọ èyí. Bí àwọn mẹ́rin bá jọ jókòó ní Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn, tí wọ́n sì béèrè àsun, èyí tí a mọ̀ mọ́ àwọn ará Oǹdó, ewúrẹ́ yíyan tí a gé wẹ́wẹ́, tí a fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí, àwo kan ni yóò dé pẹ̀lú igi ìtayín mẹ́rin. Ata ibẹ̀ pọ̀, iyọ̀ ibẹ̀ pọ̀, torí ẹni tẹ́nu ń ta yóò ra ìgò kejì. Ọgbọ́n ọlọ́jà nìyẹn. Onílé kò ní ọtí tí yóò tà, nítorí náà ó lè dín ata kù kí ọmọ ọdún mẹ́fà náà lè rí nǹkan mú. Nínú ilé tí wọn kì í ti í mutí, sóbò tútù ṣe é gbé kalẹ̀, kò sì dín adùn àsun kù rárá.

Ká wá dé orí òfin àwo náà. Àbúrò ló ń gbé e wá, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Iwájú ẹni lèèyàn ti ń mú. A kì í na ọwọ́ kọjá níwájú ẹlòmíràn torí ká lè ṣa èyí tó tóbi. Ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà lè béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé àgbà ni yóò kọ́kọ́ mú. Ìbéèrè gidi ni, “bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é” kò sì tó ìdáhùn. Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé òfin yìí mú àgbà náà. Bí ó ti lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ mú, bẹ́ẹ̀ ló jẹ ọmọdé ní gbèsè ohun tí yóò ṣẹ́ kù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nídìí àwo àjọjẹ, àgbà tó mọ iyì ara rẹ̀ a tètè ṣíwọ́, kí ẹran tó kù lè jẹ́ ti àwọn ọmọ. Nítorí náà, bí bàbá bá fọ àwo àsun mọ́ kó tó di háàfù-táìmù, òun ló rú òfin, ọmọ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán an létí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku tiwa o.”

Òfin pé ọwọ́ ọ̀tún ni ká fi jẹun ń kọ́? Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣe ìmọ́tótó ara nígbà tí omi àti ọṣẹ kò pọ̀ bí ti òde òní, ìdí tó ṣe é gbọ́ sì nìyẹn. Lójú tèmi, ìdí náà ti rọ̀ níbi tí ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ omi, n kò sì ní bá ọmọ tó jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì wíjọ́ lórí rẹ̀, bí kò bá ti fi ọwọ́ náà nawọ́ nǹkan sí àgbà. Èyí tí kò lè rọ̀ ni ọwọ́ wíwẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé àwo kan fún èèyàn mẹ́fà ń kó àrùn ràn. Òótọ́ ni, bí ọwọ́ bá dọ̀tí. Ọmọdé tó mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn ti fi ìmọ́tótó ṣe ẹnubodè àwo àjọjẹ tipẹ́tipẹ́. Bí ọ̀fìnkìn bá ń yọ ẹnì kan lẹ́nu nínú ilé, ẹ bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un.

Nínú gbogbo ìpápánu, àkàrà ni màá mú bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan. Nílé, wọ́n ń dín in ṣe sàráà, wọ́n ń pín in káàkiri àdúgbò, wọ́n sì ń dín in bí arúgbó bá kú. Ẹni tó bá ní kò jọ oúnjẹ bọ́ọ̀lù, kó wo Salvador ní Bahia. Àwọn obìnrin tó ń ta àkàrà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní acarajé, tí wọ́n sì ń fi epo pupa dín in, ni ìjọba Brazil fi iṣẹ́ wọn sínú àkọsílẹ̀ ogún orílẹ̀-èdè ní 2005. Nígbà tí òfin FIFA lórí ọjà títà ní àyíká pápá ìṣeré fẹ́ lé wọn kúrò ní Fonte Nova, pápá ìṣeré ìlú náà, wọ́n fara ya, wọ́n sì rí àyè tà níbẹ̀ nígbà ìdíje Confederations Cup ti 2013. 

Iṣẹ́ àkàrà kò sì le tó bí wọ́n ti ń sọ, bí a bá pín in sọ́nà méjì. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ rẹ ẹ̀wà, kí ẹ bó o. Lílọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́: wọ́n á da omi púpọ̀ sí i kí ẹ̀rọ lè tètè yí, àkàrà á wá tẹ́ pẹrẹsẹ bíi búrẹ́dì tí kò wú. Omi díẹ̀ ni kí ẹ fi lọ̀ ọ́, kí ẹ sì lù ú títí yóò fi fúyẹ́. Ẹ kán díẹ̀ sínú ife omi. Bó bá léfòó, ó ti tó. Ìgbà tí epo bá gbóná ni kí iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà wọ inú ẹ̀wà lílọ̀ náà. Ẹ gbé epo kaná bí eré bá ti wọ ìṣẹ́jú 40, nítorí ìṣẹ́jú 15 ni ìsinmi àárín eré, ẹ óò sì ti kó abọ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n tó padà sórí pápá. Fún àwọn ará Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eré tó bẹ̀rẹ̀ ní aago 12:30 ọ̀sán Sátidé ní London, aago 7:30 òwúrọ̀ ni ní New York, 6:30 sì ni ní Houston. Àkàrà àti ògì ni ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ láàárọ̀ Sátidé ní Èkó tẹ́lẹ̀, ẹ ò wá nǹkan tuntun kan.

Àtakò kan wà tó lágbára ju gbogbo èyí tó kù lọ: ta ni yóò dín in? Bí àwo kan bá túmọ̀ sí pé ìyá nìkan ni yóò wà nídìí iná nígbà tí àwọn yòókù ń pariwo góòlù, á jẹ́ pé mo ti fi ọwọ́ ara mi da ọ̀rọ̀ mi nù. Ẹni tó bá fi àṣà gbèjà ìyẹn, kó lọ wo ìdí àsun àti súyà: ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀ẹ́dú. Kí bàbá àti àwọn ọmọkùnrin dín abọ́ àkọ́kọ́, kí àwọn mìíràn gbà á.

Àwọn mìíràn á ní súyà kì í ṣe ti Yorùbá. Ti Haúsá ni, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Jíjẹ tí a ń jẹ ẹ́ kò sọ ọ́ di tiwa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e fún ọmọ àlejò, ẹ bi ìyá rẹ̀ bóyá ẹ̀pà ń bá a jà, torí kúlíkúlí wà nínú yájì tí wọ́n fi ń yí i. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò gbọ́dọ̀ jẹ odidi ẹ̀pà rárá, pàápàá níbi tí góòlù lè mú un fò sókè pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu. Àkàrà ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì rí i pé kì í ṣe òróró ẹ̀pà lẹ fi dín in bí àlejò tí ẹ̀pà ń bá jà bá wà láàárín yín.