Bí Oníṣẹ́ Ẹ̀rọ Kan Ṣe Di Alágbẹ̀dẹ Jangirọ́fà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Tamale, mo ń gbọ́ tí àwọn òbí ń wí pé eré a máa ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Charles Wicksteed, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní ìlú Kettering, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ń bọ̀ wá ṣe àríyá lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀wọ̀n gígùn so jangirọ́fà kọ́ òpó igi, kí wọ́n lè fi ṣeré lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi wó o mọ́. Ní 1921 ó ṣí ọgbà Wicksteed. Iléeṣẹ́ rẹ̀ sì di ilé tí a ti ń rọ ohun eré onírin.

Wíwò tí ó wo ọmọdé ni ó kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Bí àwa náà bá wo àwọn ọmọ wa, a ó mọ ohun tí ó yẹ wọ́n. Òpó méjì, okùn àti pákó tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà kọ́kọ́ gùn ún wò kí ọmọ tó gùn ún.