Iná Ọ̀run: Ǹjẹ́ Ìyà Tí Kò Lópin Bá Ẹ̀tọ́ Mu?



Ẹni tí ó bá ń gbé ní Agége tàbí ní Ìkejà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò aago tí yóò jí i. Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà tán, oníwàásù Kristẹni ti ń mi agogo rẹ̀ lójú títì, ó ń kéde fún àwọn tí ń sáré lọ síbi iṣẹ́ pé iná àjóòkú ń bẹ níwájú. Bí ó bá di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, àwa náà a gun orí mìńbárì, a sì sọ ti jàhánámà. Nígbà tí ó bá di ọ̀sán, lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ tó wà lẹ́nu géètì àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ọba Àkran àti ní Ògbà, àwọn òṣìṣẹ́ a máa jiyàn lórí ohun tí wọ́n gbọ́. Ẹlẹ́rìí Jèhófà a ní kò sí iná oró kankan, pé ẹni tó kú kò mọ nǹkan kan mọ́. Ọmọ ìjọ mìíràn a ní iná wà, kò sì lópin. Ẹni tí kò ka ẹ̀sìn sí a bi gbogbo wọn léèrè pé: "Ẹni tó fi àádọ́rin ọdún dẹ́ṣẹ̀, ṣé ó tọ́ kí a fi iná sun ún fún ọdún tí kò níye?"

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé èmi náà wà lára àwọn tó lé ẹni tó bèèrè rẹ̀ jáde.

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù. Ìyá rẹ̀ kú. Ìyá náà kò gba ẹ̀sìn Ìmàle. Òrìṣà ilé baba rẹ̀ ni ó ń bọ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní ọjọ́ Àsàlátù kan, lẹ́yìn wàásù, ọmọ náà dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àlùfáà, èmi mọ iná. Irin yíyọ́ ta sí mi lápá lẹ́ẹ̀kan péré, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi sùn. Ìyá mi tó fi ata títà tọ́ mi, ṣé inú irú iná bẹ́ẹ̀ ni yóò wà láéláé? Kí ni ó ṣe tí ó tó bẹ́ẹ̀?"

Kí ó tó jókòó, ariwo ti sọ. A ní ó ti di kèfèrí. A ní kí ó tún kálímà rẹ̀ sọ. Ohùn tèmi kò kéré nínú ariwo náà. Láti ọjọ́ náà, a kò rí i ní Àsàlátù mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, oorun kò kùn mí. Mo rántí ìyá bàbá mi. Ọ̀ṣun ni ó ń bọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó ń san owó àlàrùbá mi fún àlùfáà, òun ni ó sì ń jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n má baà pẹ́ dé ilé-kéwú. Gbogbo Kùránì tí mo mọ̀ lónìí, owó olórìṣà ni a fi kọ́ mi. Òun náà kú sínú ẹ̀sìn rẹ̀.

Mo gbéra, mo lọ sọ́dọ̀ àlùfáà tó kọ́ mi. Nígbà tí bàbá gbọ́ mi tán, ó ní: "Ìwọ, ta ni ó fi kọ́kọ́rọ́ iná lé ọ lọ́wọ́? Ìbéèrè tí ẹ fi lé ọmọ ọlọ́mọ jáde, àwọn tó jù wá lọ ti bèèrè rẹ̀, wọ́n sì ti kọ ìwé lé e lórí." Ohun tí bàbá là mí, àti èyí tí mo kà lẹ́yìn náà, ni mo gbé wá fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé iyàn yìí ti pẹ́ láàrin àwọn Kristẹni. Origen, ọ̀mọ̀wé wọn ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, retí pé Ọlọ́hun yóò dá gbogbo ẹ̀mí padà sọ́dọ̀ ara Rẹ̀ níkẹyìn. Ní ọdún 1853, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà F. D. Maurice ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí ohun tí ó kọ nípa ìyà ayérayé. Àwọn tí kò gba Ọlọ́hun gbọ́ náà kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Tai Solarin (1922–1994), tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, kò fi àìgbàgbọ́ tirẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Láàrin àwa Mùsùlùmí ńkọ́? Ní Dàmásíkù, Ibn Taymiyya (ó kú ní 1328) àti ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ Ibn al-Qayyim (ó kú ní 1350) kó ẹ̀rí jọ pé ó ṣeé ṣe kí iná kú níkẹyìn, kí àánú Ọlọ́hun borí. Taqi al-Din al-Subki, àlùkálì ìlú náà, kọ ìwé láti ta kò wọ́n, ó ní ìyà àwọn kèfèrí kò lópin. Ẹ̀yìn al-Subki ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àlùfáà Sunna wà títí di òní. Àwọn Ahmadiyya ní tiwọn, tí olú-ilé wọn ní Nàìjíríà wà ní Òjòkòrò, nítòsí Agége wa níbí, ń kọ́ni pé bí ilé-ìwòsàn ni iná rí, pé olúkúlùkù yóò jáde nígbà tí àìsàn ọkàn rẹ̀ bá san. Àwa kò sí nínú ìjọ wọn, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìbéèrè ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Àwọn àlùfáà tó ní ìyà kò lópin sọ pé a kì í fi aago wọn ẹ̀ṣẹ̀. Ìṣẹ́jú kan ni a fi ń pa ènìyàn, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkejà lè rán apànìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Wọ́n tún tọ́ka sí Súrà 6, aaya 28, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ pé bí a bá dá àwọn ọlọ̀tẹ̀ padà sáyé, ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọn yóò tún ṣe. Aláìgbàgbọ́ a sì fèsì pé ikú a máa fòpin sí ẹ̀wọ̀n gbére, ṣùgbọ́n iná yìí kò ní ikú. Ẹ má ṣe bínú sí i. Ọ̀rọ̀ pé kí ìyà má ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, Kùránì ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀: nínú Súrà 6 kan náà, aaya 160, ìlọ́po mẹ́wàá ni èrè iṣẹ́ rere, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe búburú kò ní gbà ju irú rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, Súrà 17, aaya 15, jẹ́ kí a mọ̀ pé Ọlọ́hun kì í fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé Ó ti kọ́kọ́ rán òjíṣẹ́. Al-Ghazali, tó kú ní 1111, tú èyí wò dáadáa. Ó ní ẹni tí kò gbọ́ nípa Ànábì wa rárá ní àwáwí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ó ní ẹni tó jẹ́ pé irọ́ àti àbùkù nìkan ni ó gbọ́ nípa rẹ̀ náà ní àwáwí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti gbá mi mú. Ìyá aláta kan ní ọjà Agége, tó jẹ́ pé èébú àti ìṣẹ̀sín nìkan ni ó gbọ́ lẹ́nu àwa tí à ń pe ara wa ní Mùsùlùmí, ṣé a lè sọ pé a ti jíṣẹ́ Ànábì fún un? Ó lè jẹ́ pé àwa ni a óò dáhùn ẹjọ́ yẹn lọ́jọ́ àlùkìyáámà.

Ẹ̀yin ará mi, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Iná wà, ó sì yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀. N kò kúrò lẹ́yìn ohun tí ọ̀pọ̀ àlùfáà gbà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tó dá iná ni ó sọ pé àánú Òun gba gbogbo nǹkan. Ìbẹ̀rù iná ni a rán wa láti wàásù. A kò rán wa láti máa ka orúkọ àwọn tí yóò wọ inú rẹ̀. Ilé Yorùbá wo ni kò ní Mùsùlùmí, Kristẹni àti abọ̀rìṣà lábẹ́ òrùlé kan? Bí a bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ṣebí òsì ni a fi ń fà á mọ́ra.

Mo lọ sí ilé ọmọkùnrin náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé. Mo ní kí ó forí jì mí. Mo sọ fún un pé n kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà, n kò sì mọ ibi tí ìyá bàbá tèmi wà, ṣùgbọ́n Ọba tó mọ̀ kì í ṣe àbòsí. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Àlùfáà, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé ẹ kò mọ̀."

Kò tíì padà sí Àsàlátù. Ṣùgbọ́n mo ń rí i níbi ìrun Jímọ́ọ̀, ní ìlà tó kẹ́yìn. Kí Ọlọ́hun Ọba fi àánú Rẹ̀ ṣọ́ wa lọ́wọ́ iná, kí Ó sì má jẹ́ kí ẹnu wa ti ẹlòmíràn sínú rẹ̀. Àmín.