Yunifọ́ọ̀mù sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀

Admin yín ní Lọ́kọ́jà ló ń sọ̀rọ̀.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ ń gbé. Ó wọ àmì kan sára, CD34, bí ọmọ pírámárì ṣe ń wọ yunifọ́ọ̀mù. Bó bá ti ń dàgbà di ẹ̀jẹ̀ pupa, á bọ́ CD34 sílẹ̀, á gbé àmì mìíràn wọ̀. Àmì yìí ni dókítà fi ń dá a mọ̀, tí wọ́n fi ń kà á.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ SS, ẹ gbọ́. Lọ́dún 2011, ní UBTH ní Bìní, wọ́n gba mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi sára àbúrò ọmọ ọdún 7 tó jẹ́ SS. Tí sẹ́ẹ̀lì CD34 tí wọ́n gbà bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ tuntun lè má dúró. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, ẹyọ 1 nínú 4 ló máa ń bára mu.

Torí náà, ẹ bi dókítà ẹ̀jẹ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lè ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ yẹ jínótáìpù wò kẹ́ ẹ tó fẹ́ra.