Ṣé o mọ̀? Switch tó gbó jù lè jọba lórí àwọn tuntun

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin kan, Radia Perlman, ni ó gbé ìlànà Spanning Tree kalẹ̀ ní 1985, nígbà tí ó wà ní Digital Equipment Corporation, kí ìsọfúnni má baà máa yípo láàrin àwọn switch, ẹ̀rọ tí ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, bí ọdẹ tí ó ṣìnà nínú igbó? Bí ọba méjì kì í ti í gbé ààfin kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn switch tí a so pọ̀ ń yan olórí kan ṣoṣo, ìyẹn èyí tí nọ́ńbà ipò rẹ̀ kéré jù. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí gbogbo wọn ti sábà máa ń bá 32768 wáyé, ẹni tí àdírẹ́sì MAC rẹ̀, nọ́ńbà tí a ti fi sí i lára láti ilé iṣẹ́, bá kéré jù ni í dé adé, arúgbó àárín wọn sì ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

Nínú yàrá mi ní Peckham, kò jìnnà sí Rye Lane tí ọlọ́jà ti ń fi Yorùbá ná ọjà, switch àlòkù kan tí mo rà ní ọ̀pọ̀ ló gorí oyè bẹ́ẹ̀. Baba àgbà yìí kò gbọ́ ju 802.1D, èdè Spanning Tree ti 1990, lọ, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ tí ń sọ èdè yíyára ti 2001 ní láti fa ọwọ́ sẹ́yìn ní gbogbo ihò okùn tí ó kọjú sí i, ohun tí ìbá parí ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì ń gba 30 títí dé 50. Fi nọ́ńbà ipò 4096 fún èyí tí o bá fẹ́ kó jọba, kí o tó so okùn kejì.