Ìbèsè, Ẹnubodè, àti Ìdánwò Iṣẹ́ Ọba

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ iṣẹ́ ọba, ìwé pẹlẹbẹ kan wọ́pọ̀ tí ó kún fún ìbéèrè àti ìdáhùn: ta ni olórí ilẹ̀ báyìí, kí ni olú-ìlú ilẹ̀ ọ̀hún, ọdún wo ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Wọn a máa kà á lákàtúnkà bí ọmọ ilé-kéú ṣe ń ka wàlá. Kò sí ohun tí ó burú nínú àkọ́sórí, nítorí ẹni tí kò mọ ọjọ́ kò lè mọ ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ayé kì í dúró de ẹni tí ó tẹ ìwé.

Kí a mú ìbéèrè kan tí kì í wọ́n nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀: orílẹ̀-èdè mélòó ni ó wà nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àjọṣe ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà? Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, ní Èkó, orílẹ̀-èdè 15 ni ó dá a sílẹ̀. Cape Verde wọlé lẹ́yìn náà, wọ́n di 16. Mauritania jáde ní ọdún 2000, wọ́n padà di 15. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Mali, Burkina Faso àti Niger, tí àwọn ológun ti gba ìjọba wọn, kéde pé àwọn ń lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025 ìjáde wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó wá ku 12. Olùkọ́ tí ó bá ń fi ìwé ìbéèrè ọdún 2019 kọ́ni yóò sọ pé 15, yóò sì fi ìdánilójú sọ ọ́. Orin orílẹ̀-èdè pàápàá ti yí padà: èyí tí a fi gba òmìnira ní ọdún 1960, tí a pa tì ní ọdún 1978, ni ìjọba tún gbé dìde ní ọdún 2024. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ èyí tí ó ń kọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò pàdánù máàkì lórí ohun tí ó rò pé òun mọ̀ jù lọ.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ECOWAS wà fún, kí ó dúró sí ẹ̀bá títì ní Ìbèsè. Ìlú náà wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, tí Ayétòrò jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò kí orúkọ náà tó di Yewa. Òkúta ẹfun pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2012 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Dangote níbẹ̀. Wọn a wa òkúta náà, wọn a lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọn a sì sun ún nínú iná tí ó gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí yóò fi di kóró líle tí a tún ń lọ̀ kúnná. Agbára ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ó sì di mílíọ̀nù 12 lẹ́yìn náà. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń wá ọjà, ọjà náà kò sì parí sí ààlà Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2019, ní Niamey, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àdéhùn òwò àìlẹ́rú-ibodè fún gbogbo Áfíríkà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ọjọ́ 44 péré lẹ́yìn náà, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ pa. Ìdí tí wọ́n sọ ni fàyàwọ́: ìrẹsì ilẹ̀ Thailand tí ń gúnlẹ̀ sí Kútọnù tí ó sì ń wọ Nàìjíríà lóru, ohun ìjà, àti epo bẹntiróòlù tí ń jáde lọ. Sìmẹ́ńtì tí Dangote ń kó gba orí ilẹ̀ lọ tà lókèèrè dúró. Ní oṣù kọkànlá, àwọn aṣọ́bodè tún pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé-epo kankan tí kò jìnnà tó kìlómítà 20 sí ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní alùpùpù tàbí ẹ̀rọ ìlọta ní Ìdí-Ìrókò, tí kò ṣe fàyàwọ́ rí, bá wọn pín nínú ìyà náà. A ṣí Sèmè ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìdí-Ìrókò, tí í ṣe ẹnubodè àwọn ará Yewa gan-an, kò ṣí títí di oṣù kẹrin ọdún 2022.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ọdún 1984, nígbà tí Buhari kan náà jẹ́ olórí ìjọba ológun, a ti ibodè pa, kò sì ṣí títí di ọdún 1986. Àwọn tí ó sì ń gbé ibẹ̀ kò yan ààlà náà. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ó la ilẹ̀ náà, tí Kétu fi bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, tí Ìlaròó fi di ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ń lọ kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ kú ọwọ́ lómi gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn lọ́nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó, tí ìwé pẹlẹbẹ kì í dé, nìyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ka ohun 41 sílẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi dọ́là ọjà ìjọba rà wọlé. Ìrẹsì wà nínú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì náà wà nínú rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ó ń dáàbò bo àgbẹ̀ onírẹsì àti ilé-iṣẹ́ Ìbèsè lọ́wọ́ ọjà òkèèrè, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ibodè tí a tì nítorí ìrẹsì ni sìmẹ́ńtì ń gbà jáde. Olùdíje tí ó bá lè ṣàlàyé èyí nínú ojú-ewé kan ti mọ̀ ju ẹni tí ó ka olú-ìlú 50 sórí lọ.

Ó sì yẹ kí olùkọ́ fi ìyàtọ̀ ènìyàn àti ẹrù han akẹ́kọ̀ọ́. Àdéhùn ìrìnkèrindò ECOWAS ti ọdún 1979, ọdún kan náà tí a dá Pọlitẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ìlaròó, fún ọmọ orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ ní àǹfààní láti gbé 90 ọjọ́ ní ilẹ̀ kejì láìgba físà, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tí ó péye àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sọ pé kí ó kó àpò ìrẹsì mọ́ra. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò lè bá ara rẹ̀ nídìí tábìlì níbi tí ìyá oníṣòwò kan yóò ti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí, yóò dá obìnrin náà dúró níbi tí òfin ti gbà á láyè, tàbí kí ó jẹ́ kí ó kọjá níbi tí òfin kò ti gbà.

Ní ti epo, ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, owó epo ti ju ìlọ́po méjì lọ ní Nàìjíríà. Ní Kútọnù àti Pọ́tónófò, níbi tí wọ́n ti ń ta epo Nàìjíríà nínú ìgò lẹ́bàá títì, ó gbówó lórí bákan náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti ibodè kankan pa.