“Ṣé Orí Rẹ Ti Yí Ni?”: Orúkọ Àìsàn Tí A Sọ Di Èébú

Lónìí, a ò ní sọ̀rọ̀ ibà, a ò sì ní sọ̀rọ̀ omi mímu. Ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wa ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ó ní àìsàn kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń bá wa fi pamọ́.

Ẹ dúró sí ọjà fún wákàtí kan péré, kí ẹ máa ka iye ìgbà tí ẹ ó gbọ́ “wèrè”. Ẹni tó fẹ́ ra iṣu dá iye tí kò tó, ìyá tó ń ta iṣu ní, “Ṣé orí rẹ ti yí ni?” Zémidjan kan já sí iwájú zémidjan kejì, ó di “Wèrè! Ṣé o ò ríran ni?” Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tiẹ̀ fi ń yin ara wọn: ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti ọ̀nà jíjìn, “wèrè ni ọmọ yìí!” Olùkọ́ tó ń pariwo, wọ́n ní schizo ni. Ọ̀rẹ́ tó ń fura, parano ni. Fóònù ẹnì kan bọ́ sómi, ó ní òun ti wọ inú dépression. Ẹni tí èrò rẹ̀ ò bá sì bá ti ẹgbẹ́ mu, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ Jacquot. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ń ṣàìsàn.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé kí wọ́n yọ “wèrè” kúrò nínú èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n sí àìsàn tí a ń tọ́jú, wọ́n sì mọ oríṣiríṣi rẹ̀: wọ́n mọ wèrè tó ti ń rìn ìhòòhò, wọ́n mọ wèrè aláṣọ tí ojú lásán ò lè dá mọ̀, wọ́n mọ abísínwín tó ń bá obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn náà ló ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti rí àwọn tó ń wòran, ó sì ti rí ìyá tó bí ọmọ náà pẹ̀lú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń jẹ́ orúkọ àìsàn, ó tún ń jẹ́ ìgbátí tí a fi ń gbá ara wa létí. Ẹ wò ó, ta ló ń fi ibà bú ènìyàn? Ta ló ń pe ọmọ rẹ̀ ní “ẹ̀jẹ̀ ríru” nígbà tó bá bínú sí i? Bí olùtọ́jú bá sọ fún yín pé ibà ló ń ṣe yín, ẹ ó béèrè oògùn. Bó bá sọ fún yín pé àìsàn ọpọlọ ló ń ṣe yín, àfàìmọ̀ kí ẹ má bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọkùnrin ọdún 19 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn tí kò sí níbẹ̀. Ohùn náà ń bú u, ó ń pàṣẹ fún un, ó ń sọ fún un pé àwọn ará ilé fẹ́ fún un ní májèlé jẹ. Ọjọ́ orí yìí gan-an, láti nǹkan bí ọdún 15 títí dé 30, ni àìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé ara òun ò dá. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo tó mọ̀ fún ohun tó ń ṣe é ni èyí tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́. Ṣé ẹ rò pé yóò sọ? Ó dákẹ́. Ìyá rẹ̀ náà rí i pé kò sùn, kò wẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀. Ìyá mọ orúkọ yẹn pẹ̀lú, ẹ̀rù sì ń bà á kí aládùúgbò má lọ pè é ní ìyá wèrè. Ó ní ìdánwò ló ń da ọmọ láàmú. Oṣù kan di mẹ́fà, oṣù mẹ́fà di ọdún. Àkókò yẹn gan-an ló ṣe iyebíye, nítorí bí ìtọ́jú bá tètè bẹ̀rẹ̀, ara máa ń tètè padà bọ̀ sípò. Àwọn kan sì wà tí wọ́n gbà pé wèrè tó bá ti wọ ọjà ò ṣeé wò mọ́. Irọ́ ni. Ọjà ò lágbára kankan lórí ọpọlọ. Ẹni tó bá ti rìn dé ọjà, ó ti pẹ́ tí àìsàn ti ń ṣe é láìsí ìtọ́jú ni, ìtọ́jú sì ṣì lè ràn án lọ́wọ́.

Ti abísínwín tún lágbára ju èyí lọ, nítorí ẹ̀mí méjì ló wà níbẹ̀. Ó yẹ ká ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀. Obìnrin púpọ̀ máa ń sunkún láìnídìí ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìbímọ. Ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mìíràn wà tí ìbànújẹ́ yẹn ò lọ, tí ó ń wúwo sí i. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó nílò ìtọ́jú. Abísínwín gan-an kò wọ́pọ̀: nínú 1000 obìnrin tó bá bímọ, ẹnì 1 tàbí 2 ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè dé lójijì. Ìyá ọmọ ò sùn mọ́, kódà nígbà tí ọmọ bá sùn. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, ọ̀rọ̀ ò sì bá ara wọn mu. Ó lè ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun, tàbí pé ohùn kan ní kí òun gbé ọmọ sínú kànga. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ohun tí à ń dúró wò ni èyí. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn, kí ẹnì kan sì wà lọ́dọ̀ ìyá àti ọmọ ní gbogbo ìgbà. Tí ó bá rí ìtọ́jú, ara rẹ̀ máa ń yá.

Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọge tó bímọ ọ̀sẹ̀ tó kọjá gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, “Abísínwín ti mú ìyàwó wa!” Ẹ̀rín ni, kò sí ibi nínú rẹ̀. Àmọ́ tí ìyàwó yẹn bá wá rí nǹkan tó ń ba á lẹ́rù lóru ọjọ́ kẹjọ, ta ni yóò sọ fún? Orúkọ náà ti di ẹ̀fẹ̀ nínú ilé.

Ti dépression gba ọ̀nà mìíràn pa wá lára. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí ju: egbé ọmọ bọ́ọ̀lù wọn pàdánù, wọ́n wà nínú dépression, owó tán, dépression. Ìbànújẹ́ ni ìyẹn, ìbànújẹ́ sì jẹ́ ara ayé. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó jẹ́ àìsàn máa ń wà lára ènìyàn lọ́pọ̀ jù nínú ọjọ́, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ohun tó ti máa ń dùn mọ́ ọn ò dùn mọ́ ọn mọ́. Oorun dàrú, oúnjẹ ò wọlé, ara wúwo bí òkúta, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ohun tí kò ṣe. Àgbẹ̀ tó ní irú rẹ̀ lè má sọ pé inú òun bàjẹ́ o. Orí fífọ́ àti àyà jíjá ni yóò máa sọ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti ní dépression ní ọjọ́ Mọ́ńdé, tí wọ́n sì ń jó ní ọjọ́ Túsídè, ẹni tí ó ní i lóòótọ́ di ọ̀lẹ lójú wa. A ó ní, “Gbogbo wa la ní i, ìwọ náà dìde, gba oko lọ.”

Ẹ jẹ́ kí n yára fọwọ́ kan àwọn yòókù. Wárápá kì í ṣe wèrè, itọ́ aláìsàn rẹ̀ ò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi bú ọmọ. Dìgbòlugi, àrùn ajá ni. Schizo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ, wọ́n rò pé ènìyàn méjì ló wà nínú ara kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eugen Bleuler, dókítà ará Switzerland, ló fún àìsàn náà ní orúkọ schizophrenia ní ọdún 1908. Èdè Gíríìkì ni, ó sì dá lórí ọkàn tó pín, ṣùgbọ́n ènìyàn kan náà ni aláìsàn ṣì jẹ́: ìrònú rẹ̀ ló dàrú, tó ń gbọ́ ohùn, tó ń gba ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ní ilẹ̀ Japan, orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn yìí kan náà ní èdè tiwọn túmọ̀ sí àìsàn ọkàn tó pín. Àwọn ẹbí aláìsàn ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé orúkọ náà ń dójú ti àwọn. Ní ọdún 2002, àwọn dókítà yí i padà sí orúkọ mìíràn tí kò le bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó yí i, dókítà púpọ̀ kì í fẹ́ sọ orúkọ àìsàn náà fún aláìsàn rárá. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, iye àwọn aláìsàn tí wọ́n sọ ọ́ fún pọ̀ sí i gan-an. Oògùn ò yí padà, orúkọ nìkan ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ilé ìwòsàn pàápàá ti di èébú. Jacquot tí ẹ̀ ń gbọ́ yìí, ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ ni, ní Kùtọnù. Bí àwọn ará Èkó ṣe ń fi Yábà bú ara wọn náà nìyẹn, tí àwọn tó kù ní ilẹ̀ Yorùbá sì ń fi Àró ṣe é. Ohun tó ń dùn mí nípa Àró ni pé ibi ìyangàn ló yẹ kó jẹ́. Níbẹ̀, ní Abẹ́òkúta, ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1954: àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn kan wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń gbé láàárín àwọn ará abúlé bí ènìyàn. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sí iṣẹ́ ọ̀hún. Gbogbo ayé wá wò ó. Lambo tiẹ̀ di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Àwa wá mú orúkọ ibi tó ṣe iṣẹ́ yẹn, a fi ń lé ọmọ kékeré.

Ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé wa lọ, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe láàárín 2040 ènìyàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ní Nàìjíríà. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 96 tó gbà pé ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ léwu. Ó lé ní 82 tí ẹ̀rù yóò bà láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Àwọn tó lè fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò pé 17. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, nínú ènìyàn 8 lágbàáyé, ẹnì 1 ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ẹ ka àwọn tó wà nínú agbo ilé yín.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì, ẹ gbọ́ ti Grégoire Ahongbonon. Ọmọ Benin wa níbí ni, iṣẹ́ táyà ló ń ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló ti ń kó àwọn aláìsàn ọpọlọ kúrò lójú títì, tó sì ń tú àwọn tí ẹbí wọn dè mọ́ igi. Ẹgbẹ́ Saint-Camille tó dá sílẹ̀ ní ibi ìtọ́jú ní orílẹ̀-èdè wa náà, bíi ní Bohicon àti Avrankou. Ẹ béèrè ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn, aláìsàn ni àwọn náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń sọ òkúta lù lójú ọ̀nà lánàá ló ń pín oògùn fún ẹlòmíràn lónìí.

Kí ni ká wá máa sọ? Bí ìbínú bá ń gbé yín, ẹ sọ pé inú ń bí yín. Bí ẹnì kan bá wa ọkọ̀ wàdùwàdù, ẹ pè é ní oníwàdùwàdù. Yorùbá ò tíì tán lẹ́nu wa. Bí ẹ bá ń sọ nípa ẹni tí àìsàn ń ṣe lóòótọ́, “ara rẹ̀ ò yá” tó. Kó má baà dà bíi pé a fẹ́ fi òfin de ẹnu gbogbo ènìyàn, ẹ̀fẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó jókòó tì yín kí ẹ tó sọ ọ́, pàápàá àwọn ọmọdé.

Gbólóhùn kan wà tí kò yẹ ká fi rẹ́rìn-ín láé: “Ayé yìí ti sú mi, ó sàn kí n kú.” Ó ju 700,000 ènìyàn lọ tó ń pa ara wọn lọ́dọọdún lágbàáyé. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́ lójú yín, ẹ má ní, “Wèrè, má sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.” Ẹ jókòó, ẹ bi í léèrè ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í gbé èrò náà sí ènìyàn lọ́kàn. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ gbé oògùn kòkòrò oko kúrò nítòsí, kí ẹ sì bá a lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ẹni tó lọ gba ìtọ́jú bá sì padà dé àdúgbò, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ẹ pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè nípa oko rẹ̀. Oògùn tó ń lò, kó máa lò ó bí ẹlẹ́jẹ̀ ríru ṣe ń lo tirẹ̀, kó má dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ ti yá, àfi bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Tí oògùn bá ń mú un gbọ̀n, tàbí tó ń mú un sùn jù, kó gbé páálí oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọn, kí wọ́n lè mọ èyí tó ń lò.