Ẹ Má Tíì Ta Rédíógíráàmù Bàbá Yín Fún Oníkọ́ńdẹ̀mù

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa dìde, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Opó ni. Ẹ̀yáwó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò tíì tán, ọjà kò sì tà. Ó ní rédíógíráàmù ńlá kan wà ní pálọ̀ òun, tí olóògbé ọkọ òun rà kí ó tó fẹ́ òun. Ó ní oníkọ́ńdẹ̀mù kan, ọ̀kan lára àwọn tí ń ra irin àfọ́kù kiri, ti wá wò ó, ó sì ti dá owó lé e nítorí bàbà tó wà nínú rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ṣáà dúró de òun di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò tà á, òun yóò fi san gbèsè.

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa kò pàtẹ́wọ́. A bi í pé, "Màmá, ṣé ó ṣì ń sọ̀rọ̀?" Ó ní, "Ó ti tó ogún ọdún tó ti dákẹ́. Ọmọ mi kì í bọ iná nígbà Iléyá, ó kàn kùn hùùù, èéfín sì yọ. Mo ní kó yáa pa á." A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ohun tí ojú wa rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà ni a fẹ́ rò fún yín.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ NÁÀ

A gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá rédíónìkì kan ní Alajue níbí. Bàbá kò kì í bọ iná. Ó yí i sẹ́yìn, ó tú pákó ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku àti òwú aláǹtakùn kúrò. Ó wá nawọ́ sí àwọn gilasi kan tó rí bí gílóòbù kéékèèké, tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó ní, "Àwọn fáàfù nìyẹn. Àwọn ló ń gbé ohùn ga kí tàràǹsísítọ̀ tó dé."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ fáàfù, ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé. Ní ọdún 1904 ni John Ambrose Fleming, ará Ìlú Ọba, ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní 1906, Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀yà kẹta sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní gírìdì. Wọ́n máa ń fa afẹ́fẹ́ inú gilasi náà jáde. Wáyà kan wà láàárín tí iná kékeré, 6.3 fóòtì, ń mú gbóná. Bí ó bá ti gbóná, iná yóò máa fò láti ara irin àárín lọ sí ara irin ìta, tí agbára tirẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 250 fóòtì. Gírìdì dúró sáàárín àwọn méjèèjì bí aṣọ́bodè. Ohùn tín-ín-rín tó ń bọ̀ láti orí àwo ló ń pàṣẹ fún aṣọ́bodè pé kí ó ṣílẹ̀kùn tàbí kí ó pa á dé. Báyìí ni ohùn tí kò tó ti kòkòrò ṣe ń di ohùn tó kún ilé.

Sítẹ́ríò ni ti Màmá yìí. Láti 1958 ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta àwo sítẹ́ríò. Nítorí náà fáàfù EL84 méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọdún 1935 ni ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Ọdún yẹn kan náà ni rédífúsọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wọn ń fi wáyà gbé ohùn wọ ilé oníkálùkù. Àwa àti asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹgbẹ́ ara wa ni wá!

OHUN TÍ Ń PA Á

A rò pé Bàbá yóò ní fáàfù ló kú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kapásítọ̀ ni."

Kapásítọ̀ dà bí ìkòkò tí a ń pọn iná sí. Àwọn kan ní omi oògùn nínú. Bí ó bá pẹ́, omi náà á gbẹ, ẹ̀rọ á sì máa kùn. Bébà ni wọ́n fi ṣe àwọn mìíràn. Ọ̀rinrin á wọ̀ wọ́n, wọ́n á máa jò. Èyí tó burú jù ni èyí tó wà lẹ́nu gírìdì EL84. Bí ìyẹn bá ń jò, iná tí kò yẹ kó dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aṣọ́bodè á fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu, irin inú fáàfù á pọ́n bí ẹ̀yinná, tiransifọ́mà tí ń gbé ohùn fún sípíkà á sì jó. Kapásítọ̀ kì í wọ́n. Tiransifọ́mà ló wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà Iléyá nìyẹn: tiransifọ́mà ọwọ́ ọ̀tún ti lọ.

Bàbá ní ẹni tó bá ki ẹ̀rọ tó ti sùn fún ogún ọdún bọ iná lójijì, bí ẹni tó jí arúgbó lójú oorun, tó ní kó máa sáré, ni.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ẹ má ṣe tú ẹ̀rọ yìí fúnra yín. Bí ẹ tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára iná, iná tó wà nínú kapásítọ̀ lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì lè pa ènìyàn. Lójú wa ni Bàbá fi mítà wò ó, tó fẹ̀sọ̀ tú iná náà dànù, tó tún fi mítà wò ó lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó fọwọ́ kan wáyà kan ṣoṣo. Ọwọ́ kejì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE LỌ

Ó kọ́kọ́ pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ tó ti bàjẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń jó òjé sí i pẹ̀lú sùúrù. Ó nu ẹsẹ̀ àwọn fáàfù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn. Bọ́tìnì kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ tí a fi ń yan agbára iná. 220 ni wọ́n fi sí, ó sì yí i sí 240, nítorí iná NEPA wa (orúkọ rẹ̀ ti yí padà, ẹnu wa ni kò tíì yí) máa ń ju 220 lọ nígbà mìíràn.

Ó wá so gílóòbù àtijọ́ kan, irú èyí tó máa ń gbóná, mọ́ ojú ọ̀nà iná. Bí gílóòbù náà bá tàn rokoṣo tí kò rọlẹ̀, ewu ṣì wà nínú ẹ̀rọ nìyẹn. Bí ó bá tàn díẹ̀ tó sì rọlẹ̀, ó dára. Tiwa rọlẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ tan irú ẹ̀rọ yìí láé bí a kò bá so sípíkà mọ́ ọn, torí tiransifọ́mà lè jó.

Ọwọ́ òsì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Tiransifọ́mà ọwọ́ ọ̀tún lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wé wáyà ní Òṣogbo, ó sì gba ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní Sátidé kejì, Màmá mú àwo kan wá láti inú àpótí ọkọ rẹ̀: Oroki Social Club ti Haruna Ishola, tó jáde ní 1971. Bàbá ní ìlù ni òun fi ń dán ẹ̀rọ wò, nítorí ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn kò bá mọ́, ọ̀rọ̀ ìlù á yí. Ta ni ó máa jiyàn ìlù ní Ẹdẹ, níbi tí Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì láti 1946 sí 1975, ti jẹ́ ògbójú onílù fúnra rẹ̀? Ìlù bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ohùn dá a lóhùn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ṣì ń kùn díẹ̀ lábẹ́lẹ̀, a kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ ìlù ló yé wa. Màmá jókòó, kò sọ nǹkan kan títí àwo fi parí. Ó wá ní, "N ò tà á mọ́."

Ìgbìmọ̀ ti sún gbèsè rẹ̀ síwájú fún oṣù méjì, àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ti fọwọ́ sí i. Yóò máa san owó àtúnṣe fún Bàbá díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ tà á lọ́la, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ̀rọ̀, a kì í gbé e sórí ìwọ̀n bí irin àfọ́kù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Fáàfù kò tíì tán láyé; wọ́n ṣì ń ṣe é ní Rọ́ṣíà, ní Slovakia àti ní Ṣáínà. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ló ń tán lọ. Bàbá kò ní ọmọ iṣẹ́ kankan. Èyí tó ní kẹ́yìn ti lọ ń tún fóònù ṣe. Bí ọmọ yín bá ní sùúrù tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́, ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó kékeré tí yóò fi ra mítà àti irin ìjó-òjé síwájú gbogbo ilé. Ẹ má pẹ́ dé o.